Èédú tí mo gún fún Sìdíkátù

Láàárọ̀ àná, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo gbọ́ kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́ lẹ́yìnkùlé, bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Mo dìde lọ wò ó. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń fi èédú fọ eyín, òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ sì gba gbogbo ibẹ̀. Ó ní orí fóònù lòun ti kọ́ ọ.

Kò sí fóònù nígbà tí èmi kọ́ Sìdíkátù. Ọ̀rẹ́ mi ni, inú agboolé kan náà la ti dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó ní èjí débi pé àwọn àgbà á kọ́kọ́ ní kó rẹ́rìn-ín ná kí wọ́n tó rán an níṣẹ́. Eyín rẹ̀ funfun tó, àmọ́ ó ku ọdún kan kí wọ́n so yìgì rẹ̀, èmi ọlọ́gbọ́n sì ní kó funfun sí i. Mo gún èédú, mo po iyọ̀ mọ́ ọn, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ọsàn ń sọ eyín di rírọ̀, èédú sì ń ha á lọ. A ò mọ̀.

Nígbà tó yá, kò lè mu omi tútù mọ́. Gbogbo ilé ní kòkòrò eyín ni, pé kó túbọ̀ máa fi èédú fọ̀ ọ́ kí kòkòrò lè kú. Ìrora náà ń mú un payín keke lójú oorun, ìyẹn náà sì ń jẹ ìwọ̀nba tó kù. Mo ń gbọ́ ọ, mò ń sunkún, ilẹ̀ á mọ́, mo tún gún èédú.

Lọ́jọ́ yìgì, eyín náà ti kúrú, ó ti pọ́n bí àgbàdo. Kó tó jáde sí onífọ́tò, ó ya ẹnu sí mi.

“Ṣé ó ti funfun?”

Mo ní ó ti funfun. Ó rẹ́rìn-ín jáde. Ìgbà tí wọ́n gbé fọ́tò dé ló rí i, àtìgbà náà ló ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu, títí ó fi kú.

Ẹ̀yin ọmọ mi, nǹkan pọ̀ tó ti yí padà. Iná ti dé, dókítà eyín ti dé. Ṣùgbọ́n eyín tí èédú bá ti ha lọ kì í hù padà, ọmọdé ò sì yéé fẹ́ kí wọ́n yin òun.

Ọmọ ọmọ mi ṣan ẹnu, ó kọjú sí mi.

“Màmá, ṣé ó ti funfun?”

Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo gbé pọ̀n, mo bẹ̀ ẹ́ kó gbé èédú náà fún mi.