Báàkẹ́tì Mẹ́rin Tó Di Ogójì

Ta ni ò mọ Àkíbù, Bàbá Nàfísàt, ọlọ́kadà Ayétẹ̀? Ọkùnrin tó lè di àpò pákí méjì, ìyá arúgbó kan àti ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn máṣìnì, tí ewúrẹ́ náà ò ní ké títí wọn á fi dé Èrúwà.

Ọwọ́ tó mọ ẹrù dì yìí ló mú kí Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣẹ́ ránṣẹ́ pè é nígbà kòrónà. Bámiṣẹ́ ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó gba owó báàkẹ́tì ìfọwọ́, èyí tó ní ẹnu ẹ̀rọ nídìí, lọ́wọ́ ìjọba fún ibi mẹ́wàá, ọjà, mọ́ṣáláṣí àti ilé ìwòsàn, mẹ́rin mẹ́rin. Ogójì ló wà nínú ìwé. Mẹ́rin ló wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ń wá mẹ́rìndínlógójì tó kù, kó lọ wo páànù tuntun tó ń dán lórí ilé akọ̀wé.

Wàyí o, ọ́dítọ̀ tó ń yẹ ìwé owó wò ń bọ̀ láti Ìbàdàn.

"Bàbá Nàfísàt, kò le rárá," Bámiṣẹ́ wí. "Bó bá ti wo báàkẹ́tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán níbì kan, ẹ kó wọn gba ọ̀nà oko lọ síbi tó kàn, kó tó débẹ̀."

Àkíbù ò béèrè owó. Oṣù Làtíífàt ìyàwó rẹ̀ ti pé, ilé ìwòsàn kékeré tó wà lọ́nà Ìgàngán ló sì máa bímọ sí. Abọ́ kan ṣoṣo ni nọ́ọ̀sì àtàwọn aláìsàn jọ ń fọwọ́ sí níbẹ̀. Ẹ̀rù ń ba Àkíbù gan-an.

"Báàkẹ́tì kan gbọ́dọ̀ kù síbẹ̀ fún wa, ọ̀gá."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ibẹ̀ la máa parí ẹ̀ sí."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa lé e bá. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, irọ́ gun ọ̀kadà, òótọ́ wọ mọ́tò ìjọba, ó sì bá kòtò ojú títì pàdé. Ìyáàfin Oyinadé, ọ́dítọ̀, á dé ọjà, á rí báàkẹ́tì, á sàmì síwèé. Á dé mọ́ṣáláṣí, á rí báàkẹ́tì tí eruku oko bò, á tún sàmì. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ó ku ilé ìwòsàn nìkan kí táyà mọ́tò rẹ̀ tó yọ. Ibi tí ọ̀nà oko ti já sí títì ni Àkíbù ti bá a nínú oòrùn. Kò sí ọ̀kadà mìíràn, ni màdáámù bá gùn ún, ó fẹ̀yìn ti báàkẹ́tì mẹ́rin.

"Ọlọ́kadà, níbo lò ń kó ìwọ̀nyí lọ?"

Àkíbù wá irọ́ tì. "Wọ́n ń lọ dúró dè yín ni, mà."

Obìnrin náà yọ bírò. "Ṣebí mo ti rí wọn báyìí. Yí orí máṣìnì padà, gbé mi lọ síbi tí màá ti rí mọ́tò Ìbàdàn."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ ká débẹ̀. Ìyàwó mi fẹ́ bímọ níbẹ̀."

Ó ti sàmì síwèé fún ilé ìwòsàn.

Lọ́jọ́ kejì, Àkíbù lọ bẹ Bámiṣẹ́ pé kó fún ilé ìwòsàn ní báàkẹ́tì kan. Akọ̀wé tẹ́ ìwé síwájú rẹ̀.

"Ẹ wò ó, wọ́n ti gba tiwọn. Bí mo bá tún fún wọn lómìíràn, ìṣirò ò ní bára mu mọ́. Bàbá Nàfísàt, àbí ẹ fẹ́ kí n jalè ni?"