Àwòrán Ìyá Oníkẹrosíìnì Lára Ògiri Káńsù

Láyé ìgbà tí àwọn ológun gbà pé kí aráàlú dìbò yan alága káńsù, ilé bàbá wa ní Bẹyẹrúnká ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé. Èmi ń ránṣọ lọ́dẹ̀dẹ̀, òun ń ya àwòrán fáwọn oníṣọ́ọ̀bù ní Bẹẹrẹ. Tó bá ya obìnrin tó di ṣùkú sára ilẹ̀kùn onídìrí, àwọn oníbàárà á wọlé, wọ́n á ní irú ìyẹn gan-an làwọn fẹ́.

Gọ́tà ńlá kan wà lẹ́yìn ilé wa tí kò ní ìdérí. Ìyá arúgbó kan tó ń ta kẹrosíìnì inú ìgò máa ń gba etí rẹ̀ kọjá. Kò bímọ, àmọ́ gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ìyá. Lọ́jọ́ kan, òjò rọ̀ débi pé omi bo gọ́tà àti ojú ọ̀nà pọ̀, kò sẹ́ni tó lè fi ojú ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ìyá ṣubú sínú rẹ̀. A gbọ́ igbe, a sáré jáde, a ò rí i mọ́. Ìsàlẹ̀ odò tí gọ́tà náà ń ṣàn sí ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀.

Àwọn àgbà àdúgbò lọ sí káńsù pé kí wọ́n bá wa bo gọ́tà náà. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò yọjú, ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, ó lọ sídìí ògiri gígùn kan tó jẹ́ ti káńsù, lẹ́bàá ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ láti Mapó sí Ọjà'ba. Ó ya Ìyá pẹ̀lú àtẹ ìgò lórí, omi ti mù ún dé àyà. Lókè rẹ̀, ó ya àwọn alágbádá tó jókòó sórí àga tìmùtìmù, tí wọ́n kẹ̀yìn sí i.

Èrò wọ́ wá wò ó. Àwọn obìnrin kan sunkún. Akọ̀wé káńsù kan wá bá ẹ̀gbọ́n mi.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́. Ẹ ń fi wá ṣẹ̀sín."

"Ẹ bo gọ́tà, màá pa á rẹ́ fúnra mi."

Wọn ò bo gọ́tà. Wọ́n rán àwọn lébìrà wá, wọ́n fi ọ̀dà funfun kun àwòrán náà. Ẹ̀gbọ́n mi tún un yà.

Ìbò ń bọ̀. Ọkùnrin kan tó ń du ipò alága wá dúró níwájú àwòrán náà, ó gbá ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ mú, ó na ọwọ́ náà sókè.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo ohun tí wọ́n fi ìyá wa ṣe! Bí mo bá wọlé, gọ́tà yẹn ni màá kọ́kọ́ bò."

Ariwo sọ. Nígbà náà, ẹ̀yìn fọ́tò ẹni téèyàn fẹ́ ni wọ́n ń tò sí láti dìbò. Mo tò sẹ́yìn tirẹ̀ nínú oòrùn. Ó wọlé.

Kò pẹ́ tí wọ́n búra fún un, a jí, a bá ògiri ní funfun. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ gàdàgbà síbẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, a jókòó títí ó fi jáde. Mo kúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀, ó ní:

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ ṣèlérí pé ẹ ó bo gọ́tà."

"A máa bò ó. Ẹ ní sùúrù."

"Àwòrán yẹn ńkọ́, sà?"

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Gómìnà ń bọ̀ wá sí Mapó. Ṣé òkú arúgbó la fẹ́ fi pàdé rẹ̀? Tẹ́ ẹ bá ń wáṣẹ́, ẹ wá ya èmi síbẹ̀."

Ó wọ mọ́tò, ó lọ.

A délé, ẹ̀gbọ́n mi kó ọ̀dà rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti ìgbà náà, tí oníṣọ́ọ̀bù bá wá, á ní ara òun ò yá. Nígbà tó yá, ó kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fún ẹlòmíì, ó lọ ń wa takisí ní Mọlété. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tún Ìyá yà sára ògiri.

"Àbúrò mi, ta la fẹ́ yà á fún? Ṣebí àwa náà la dìbò fún ọkùnrin yẹn."

Àwọn ológun tú káńsù ká, òmíràn dé, kò sí èyí tó fọwọ́ kan gọ́tà. Lọ́dún kan, gọ́tà náà gbé ọmọ aládùúgbò wa lọ. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà dé. Ó wò ó, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Nígbà tí mo gba ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Òjé, mo ní kó bá mi kọ "Aránṣọ" síwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan péré. Ó ní ọwọ́ òun ti kú sí i. Mo wá ẹlòmíì, ìyẹn ò sì mọ̀ ọ́n kọ bíi ti ẹ̀gbọ́n mi.