Ojú Kan Tí Ọ̀dàkárí Kò Kùn

Ọ̀dàkárí, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, tún ti gbé àpótí irin mìíràn sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń bi ara wọn léèrè: ṣé lóòótọ́ ni bàbá yìí fọwọ́ ara rẹ̀ họ ọ̀dà kúrò lára iṣẹ́ tó ti parí?

Òótọ́ ni. Ara ọkọ̀ ló ti ń kùn láti ìgbà èwe, ohun tó sì fi gba orúkọ náà ni pé kì í fi ojú kan sílẹ̀. Òun a máa ní, "Ibi tí o bá fojú fò lónìí, ibẹ̀ ni ìpáàrà yóò gbà wọlé lọ́la." Ìyàwó rẹ̀ a ní eṣinṣin kò gbọdọ̀ bà pẹ́ nínú ilé àwọn, kí wọ́n má baà kùn ún mọ́ ògiri.

Ọmọkùnrin wọn ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, níbi tí fóònù kò dé. Òun ló ń mójú tó rédíò ọkọ̀ náà, gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló sì máa ń bá àwọn olùfẹ́ rédíò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà káàkiri ayé sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Láti ìgbà tó ti lọ, ìyá rẹ̀ kò gbóhùn rẹ̀. Ọmọbìnrin wọn, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, wá fọwọ́ ara rẹ̀ to rédíò tó lè gbé ohùn náà wọlé. Àpótí tí yóò kó o sí ló kù. Bàbá rí ọ̀kan lẹ́yìnkùlé, tó ti tẹ̀ wọnú, tó ti dógùn-ún. Ó fi òòlù kékeré nà án títí ó fi tẹ́jú, ó fi sáńpépà ha á, ó fọ́n ọ̀dà aláwọ̀ ewé sí i níta, nínú, lábẹ́ ìdérí, títí dé ihò skúrù. Ó ń dán bí omi.

Nígbà tí Sátidé pé, wọ́n tan rédíò náà. Kùùùn! Bí ilé oyin.

"Ṣé ohùn ọmọ mi nìyẹn?" ni ìyá béèrè.

Ọmọbìnrin náà tú ìdérí. "Bàámi, ọ̀dà yín ló dínà. Wáyà yìí gbọ́dọ̀ fara kan irin lásán, kí ariwo lè rí ibi bá lọ. Ẹ jẹ́ kí n họ ibi kékeré kan."

"Kí o họ kí ni?"

"Ọkọ mi," ìyá dá sí i, "ṣé dídán àpótí ni n ó máa tẹ́tí sí ni, àbí ohùn ọmọ?"

Bàbá wo àpótí, ó wo ìyàwó rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Ó mú ọ̀bẹ, ó họ ojú kan tí kò ju èékánná lọ, ó ń rọra họ ọ́ bí ẹni ń họ awọ ara rẹ̀. Irin yọ, ó ń kọ mànà. Ọmọbìnrin náà de wáyà mọ́ ọn.

Kíkùn náà dákẹ́. Afẹ́fẹ́ lásán ló kù, bí ẹni pé wọ́n ṣí fèrèsé yàrá náà sójú òkun. Láti inú afẹ́fẹ́ yìí ni ohùn kan ti jáde, ohùn tó máa ń fà díẹ̀ kó tó rẹ́rìn-ín, tó ń ròyìn ìjì tí wọ́n là kọjá fún ẹnì kan lókèèrè. Kò mọ̀ pé ìyá òun ń gbọ́. Ìyá gbé ọwọ́ lé àpótí náà bí ẹni gbé e lé orí ọmọ. Bàbá ṣí fìlà.

"Inú páànù tí mo gbé lẹ́yìnkùlé?" ni ó ń wí. "Inú páànù?"

"Ọmọ mi, ṣé o jẹun?" ìyá pariwo.

"Màámi, kò lè gbọ́ yín. Èyí kàn ń gbọ́ ni, kì í fọhùn."

Èyí tí ń fọhùn ni àpótí tuntun tó wà lórí tábìlì náà wà fún. Ìwé àṣẹ ìjọba láti máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ti jáde. Bàbá ti lẹ bébà mọ́ ojú kan nínú rẹ̀, kí ọ̀dà má baà débẹ̀. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìyá ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.