Màmá Gertrude àti Odò Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì

Ní ṣọ́ọ̀ṣì kan lẹ́yìn Jíbówú, bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Màmá Gertrude Akínlabí, ọjọ́ ìkórè ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ìjọ gbé iṣu, wọ́n gbé adìyẹ. Màmá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, gbé korobá ẹrẹ̀ dé iwájú pẹpẹ ní tirẹ̀. Ó ń kó ohun inú rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ike, sálúbàtà ẹsẹ̀ kan.

"Màmá, kí lèyí?" ni Àlùfáà bi í.

"Ohun tí ẹ gbìn sínú odò láti January ni. Mo bá yín kórè rẹ̀."

Ó wá gbé abọ́ ike kan sókè, irú èyí tí wọ́n ń pín níbi ìsìnkú, tí àwòrán òkú máa ń wà lára rẹ̀. Ó kọjú sí alága ìgbìmọ̀ ìjọ. "Ọ̀gbẹ́ni Bámidélé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá mú ìyá yín lọ sílé. Inú ẹrẹ̀ ni mo ti bá wọn."

Salome, akọ̀wé ìgbìmọ̀, yáa fi ìwé orin bojú. Màmá ló kọ́ ọ ní práímárì mẹ́ta, ó sì mọ̀ pé bí tíṣà yìí bá rí ẹ̀rín lẹ́nu òun, òun ló kàn.

Inú tó ń bí Màmá kì í ṣe kékeré. Nígbà tó ṣègbéyàwó níbẹ̀, ẹja ń hàn nínú odò tó ń ṣàn lẹ́yìn itẹ́ òkú. Ní báyìí, ẹ̀fọn nìkan ló ń bímọ níbẹ̀.

Àfi bí Bámidélé ṣe mú àbá wá sípàdé pé kí wọ́n dí odò pa, kí wọ́n fi intálọ́ọ̀kì bo itẹ́ òkú, kí mọ́tò lè ráyè dúró síbẹ̀.

"Ó máa mọ́ tónítóní ni, mà," ó ní.

"Tónítóní wo? Ọkọ mi Olúdayọ̀ ò ní mọ́tò títí ó fi kú. Mólúè ló ń wọ̀! Ta ló wá fẹ́ gbé jíìpù gùn ún láyà?"

Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí àbá náà síbẹ̀. Salome kọ ọ́ sílẹ̀, ojú sì ń tì í.

Ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ kó òkúta dé, wọ́n bá Màmá lórí àga lẹ́bàá sàréè ọkọ rẹ̀, ó ń bó ẹ̀pà.

"Ìyá àgbà, iṣẹ́ la wá ṣe o," ni Débọ̀, ọ̀gá wọn, wí.

"Èmi náà wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí mo bá bó ẹ̀pà yìí tán, àpò méjì ṣì wà nílé."

Bí Salome ṣe gbọ́, ó pa ìwé ìpàdé dé, ó gbé àga tirẹ̀ wá. Ẹgbẹ́ akọrin tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, Débọ̀ ti kó òkúta rẹ̀ padà, ó sì ti jẹ ẹ̀pà yó.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni wọ́n ń kó ìdọ̀tí lódò, tí wọ́n ń gbin igi sétí rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Bámidélé dé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó wọnú omi.

"Ẹ káàbọ̀," ni Màmá wí. "Apá ibẹ̀ yẹn gan-an ni mo ti rí ìyá yín."

Nígbà tí òjò rọ̀, àkèré dé. Wọ́n pariwo débi pé Àlùfáà ráhùn pé wọn ò jẹ́ kí ìwàásù òun wọlé.

"Àmín ni wọ́n ń ṣe," ni Màmá dáhùn. "Àwọn ará ìjọ yín ń sùn."

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ Màmá kọṣẹ́. Salome a máa lọ kí i nílé rẹ̀ ní Surulere, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì máa ń bá pàdé: "Ẹyẹ wo lo rí?"

Lọ́jọ́ kan, ó ní òun rí kékeré kan, aláwọ̀ búlúù, tí ẹnu rẹ̀ pupa, tó gùn.

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

"N ò mọ̀ ọ́n, mà."

"Kí ni mo wá kọ́ ẹ? Kí ni mo kọ́ ẹ gan-an, Salome?" Màmá bínú títí ó fi wúkọ́. Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ Salome mú. "Ọjọ́ ìgbéyàwó wa ni mo rí i gbẹ̀yìn. Ó ti padà wá."

Ọjọ́ kẹrin ni Màmá sùn, tí kò jí mọ́.

Salome ò tíì mọ orúkọ ẹyẹ náà títí dòní. Ṣùgbọ́n bó bá jókòó sétí odò lẹ́yìn ìsìn, tí ẹyẹ yẹn bá fò kọjá, ńṣe ló máa ń dìde dúró, bí ọmọ iléèwé tí tíṣà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.