Ìwọ̀n Lábù, Ìwọ̀n Oko

Ọ̀gá mi ní lábù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́ kì í fi ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ṣeré. Kì í ṣe gbogbo páúdà inú ìgò ni ojúlówó oògùn apakòkòrò àrùn. Nítorí náà, a ó ṣírò iye tí kì í ṣe oògùn gan-an nínú rẹ̀, a ó sì fi díẹ̀ kún un, kí a tó pò ó mọ́ omi. A ó pa fáànù. Bí mo bá mí kanlẹ̀ nídìí òṣùwọ̀n, á jágbe: "Ṣé èlùbọ́ lò ń wọ̀n ni?"

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo bá a lọ sóko iṣu rẹ̀ ní Èmùré. Àdá ṣá a lẹ́sẹ̀. Kí n tó lanu, ó ti tú kápúsù oògùn yìí kan náà, ó ń bù ú sójú egbò bí ẹní ń fiyọ̀ sọ́bẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mílígíráàmù mélòó nìyẹn?"

"Inú oko uṣu lo ti ń bi mí ní mílígíráàmù? Orí ẹ dàrú!"

Nígbà tó di Mọ́ńdè, kòkòrò àrùn tí a gbà lára egbò aláìsàn kan kọ̀, oògùn náà kò pa á, pẹ̀lú gbogbo ìṣirò wa. Ọ̀gá gbé ẹsẹ̀ tó fi báńdéèjì dì lé àga, ó mirí.

"Àwọn àgbẹ̀ yìí ló fà á. Wọn kì í wọn nǹkan."