Mo Lúwẹ̀ẹ́ Kọjá Lórí Oko Wa Tó Wà Lábẹ́ Omi

Okun o, bí a ṣe ń kíni nílẹ̀ wa, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi! Ẹ fìdí kalẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Sátidé tó kọjá. Títí di ìsinsìnyí, orí mi ṣì ń wú!

Ẹ ṣáà mọ̀ pé nítorí orúnkún tó ń dùn mí ni dókítà ṣe ní kí n máa lúwẹ̀ẹ́. Pùúlù òtẹ́ẹ̀lì kan ní Kàbà níbí ni Délé, kóòṣì mi, ti kọ́ mi ní fírísítáìlì: kí n dojú bo omi, kí n na ara gbọọrọ, kí n máa ju ọwọ́ kan tẹ̀ lé èkejì, kí n sì yí ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti mí. Mo mọ̀ ọ́n débi pé mo ti ń yangàn. Kí ló tún kù?

Délé ní ó ku omi gbalasa. La bá forí lé dáàmù kan nítòsí abúlé wa ní ilẹ̀ Yàgbà. Bàbá mi, àgbà tí irun wọn ti funfun báláú, ní àwọn náà ń bọ̀. Mo rò pé ṣe ni wọ́n fẹ́ wá dá mi dúró. Rárá o! Wọ́n kàn tẹjú mọ́ omi náà. Wọ́n ní, "Oko wa wà lábẹ́ ibẹ̀ yẹn. Látìgbà tí ìjọba ti sé odò, n ò dé ibẹ̀ mọ́."

Mi ò gbọ́ ọ rí!

Bàbá wọ ọkọ̀ apẹja kan, èmi àti Délé kó sómi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó di òdìkejì.

A ò tíì lọ jìnnà tí atẹ́gùn fi dé. Háà! Mo yí ẹnu sápá ọ̀tún láti mí, omi ni mo gbé mì. Ìgbì ń gbá apá mi dànù. Nínú pùúlù, ìlà dúdú wà nísàlẹ̀ tí mò ń tẹ̀ lé. Níbí, òkùnkùn biribiri ni. Ìgbà tí mo fi máa gbójú sókè, etí omi tí a ti kúrò ni mo tún kọjú sí! Ẹ̀rù bà mí, mo pariwo pé mo fẹ́ wọ ọkọ̀.

Délé ní kí n kọ́kọ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, kí n mí. Ó wá ní apá ọ̀tún ni atẹ́gùn ti ń bọ̀, nítorí náà apá òsì ni kí n ti máa mí. Kí n gbé ọwọ́ ga kọjá ìgbì, kí n má nà án pẹ́, kí n sì máa yọ ojú nìkan síta bí ọ̀nì, kí n fi wo òkè àpáta tó wà níwájú. "Má bá a jà o," ó ní, "bá a lọ."

Ẹ gbà mí gbọ́, omi tó ń lù mí yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi!

Láàárín gbùngbùn ibẹ̀ ni Bàbá ti ké sí wa pé ká dúró. Wọ́n wo òkè tó wà lápá ọ̀tún, wọ́n wo èyí tó wà lápá òsì, wọ́n ní ibẹ̀ gan-an ni. Mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, nǹkan kan gbá mi ní àtẹ́lẹsẹ̀. Mo lọgun! Délé rì sísàlẹ̀ lọ wò ó. Orí igi ni! Igi ńlá, ó ṣì wà lóòró nínú omi.

"Ìrókò ni," Bàbá wí. "Abẹ́ rẹ̀ ni ìyá mi ti máa ń sun iṣu fún wa."

Wọ́n ki ọwọ́ bọ omi, wọn ò tètè yọ ọ́. Èmi náà léfòó síbẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ibi tí àwọn èèyàn mi ti ń kọ ebè, èmi ń fò kọjá lórí rẹ̀ bí ẹyẹ! Ta ni mo jẹ́? Omijé ń bọ́ lójú mi, omi ń gbà á.

A dé òdìkejì. Bàbá ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé omi ńlá kì í yí padà nítorí ẹni. Àwa la máa yí ọwọ́ padà. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá wọ̀ ọ́ o! Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n, àti ọkọ̀ tí yóò wà nítòsí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Omi wo ló ti dẹ́rù bà yín rí, tó sì tún yà yín lẹ́nu? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ ka gbogbo rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ Bàbá.