Ẹni Tó Ń Ṣílẹ̀kùn Gbàgede

Obìnrin kan wà tó ń tún maṣíìnì ìránṣọ ṣe. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti sọnù sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá Maṣíìnì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kéré débi pé bí oníbàárà méjì bá wọlé, ọ̀kan á gbé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sókè kí èkejì tó lè yíjú. Ṣùgbọ́n nínú fóònù ọwọ́ rẹ̀, ó ní gbàgede kan tó gba ẹgbẹ̀fà ènìyàn.

Gbàgede ọ̀rọ̀ orí ayélujára ni. Aránṣọ tí maṣíìnì rẹ̀ bá daṣẹ́ sílẹ̀ á kọ ẹjọ́ rẹ̀ síbẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe á dá a lóhùn. Òun àti aránṣọ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àlùmọ́gàjí níbẹ̀ ni wọ́n jọ dá a sílẹ̀. Wọn kò fojú kan ara wọn rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ bí òwú ṣe ń wọ ojú abẹ́rẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kò tíì fọ ẹnu tó fi mú fóònù. Aránṣọ kan ti kọ ọ́ sí gbàgede pé: “Ẹ gbà mí o! Maṣíìnì mi ń fo ojú rírán. Aṣọ ilé ìwé ogójì ló wà nílẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ló kù.” Lábẹ́ igbe yẹn, ohun tó tẹ̀ lé e ni: “Eyín yín á funfun bí òwú láàárín ọjọ́ méje.” Òmíràn ní: “Òróró tí ń hu irun lórí apárí.” Ó fi ìka yí ojú ìwé náà lọ sísàlẹ̀, kò tán. Ìpolówó mọ́kànlélógójì! Ẹnì kan ṣoṣo kò ráyè dá aránṣọ tó ń ké lóhùn.

“Yéè!”

Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, sáré jáde ní balùwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú. “Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú. Òróró irun ni!”

“Òróró irun lo ṣe pariwo bí ẹni tí ejò bù jẹ?” Ó fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó ń dán. “Ó dáa, èló ni wọ́n ń tà á?”

“Ẹ má dá mi lẹ́rìn-ín láàárọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́.”

Ìdí tó fi yà á lẹ́nu ni pé gbàgede náà ní ilẹ̀kùn. Ìbéèrè iṣẹ́ ni Ìyá Maṣíìnì fi sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á dáhùn, òun fúnra rẹ̀ á ka ìdáhùn láàárọ̀, á ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó gbà á, á dá ẹni tó kùnà padà. Oṣù méje gbáko, olùpolówó kan kò ráyè wọlé, nítorí ẹni tó ń ta òróró irun kò mọ bọ́bìnì, ìyẹn irin róbótó kékeré tí òwú ìsàlẹ̀ ń yí mọ́. Àfi bí wọ́n ṣe dédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á! Ó mú ìbéèrè le, wọ́n gbà á. Ó tún mú un le sí i. Ó le débi pé àbúrò Àlùmọ́gàjí, tó ti ń ránṣọ láti ogún ọdún, kùnà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bínú lọ. Àwọn olóròóró ń gbà á bí ẹni ń mumi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Àlùmọ́gàjí kọ̀wé sí i: “Ìyá, àádọ́ta ènìyàn ló kúrò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì tí a kò mọ ibi tí wọ́n ń gbà wọlé, ẹ jẹ́ ká ti gbàgede yìí pa. Ojú ń tì mí.”

Ìyá Maṣíìnì ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọdún mẹ́rin ló fi kó ẹgbẹ̀fà ènìyàn yẹn jọ. Ó jókòó, ó gbé ìbéèrè tuntun sẹ́nu ọ̀nà: “Kí lo fi ń gbọn eruku òwú nínú ilé bọ́bìnì?”

Ìdáhùn mẹ́sàn-án ló bá lọ́jọ́ kejì. Mẹ́jọ ní búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀kẹsàn-án ní: “Ìyẹ́ adìyẹ, ti apá òsì, nítorí bó ṣe tẹ̀ ló bá ihò ibẹ̀ mu.”

Ó tún un kà. Ènìyàn mẹ́rin péré ló mọ ọ̀rọ̀ yìí láyé: ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, òun alára, àti ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́. Ọ̀kan ti kú. Èkejì ti ré òkun kọjá, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà lọ́hùn-ún.

“Ẹni tó wà lókè òkun ti bímọ, ọmọ ti gbaṣẹ́!” Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn kọjá ààlà. Kò ro ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣílẹ̀kùn gbayawu, ó tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Káàbọ̀, ọmọ ilé wa.”

Tíì ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tutù tí ọmọ ilé fi kó ọgọ́ta ìpolówó dà sí gbàgede. Bẹ́líìtì tí ń yọ́ ikùn ló ń tà. Abẹ́ ìkíni tí Ìyá Maṣíìnì kí i gan-an ló kọ́kọ́ polówó sí: “Ẹ ṣeun. Ẹ tẹ ibí kí ikùn yín lè wálẹ̀.”

Ó gbé fóònù náà fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ka ìka ọwọ́.

“Ẹni mẹ́rin lo ní. Ọ̀kan kú, ọ̀kan lọ, ó ku ìwọ àti Ọ̀gá. Àbí ìwọ lò ń ta bẹ́líìtì?”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ọ̀gá kò mọ ohun tó ń jẹ́ ayélujára!”

“Ṣé kò mọ fóònù ni? Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.”

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó tún gbé ìbéèrè míì sẹ́nu ọ̀nà; nígbà tó di ọ̀sán, ó gba ilé ọ̀gá rẹ̀ lọ. Àjà kẹta ni yàrá bàbá náà wà. Ìyá Maṣíìnì kò tíì gun àtẹ̀gùn yẹn láti ọdún tó kọjá. Ó bá bàbá tó jókòó tì fóònù, ó wọ épírọ́ọ̀nù iṣẹ́, pẹ́ńsùlù wà létí rẹ̀. Maṣíìnì kan kò sí nínú yàrá náà. Ojú bàbá náà méjèèjì ti ń ṣú. Ohùn ló fi dá Ìyá Maṣíìnì mọ̀.

“Jókòó, jókòó! Má pariwo o, akẹ́kọ̀ọ́ mi ti fẹ́ pè.”

“Akẹ́kọ̀ọ́ wo, Bàbá?”

“Àwọn tuntun! Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ rò pé ẹ gbọ́n? Wọ́n pọ̀ gan-an, ọmọbìnrin kan ló ń ṣojú wọn. Ara pátákó ṣọ́ọ̀bù mi àtijọ́ ló ti rí nọ́ńbà mi. Ojoojúmọ́ ló ń bèèrè, ìbéèrè rẹ̀ sì ń le sí i! Ọmọ náà ń gòkè ni.”

Ìyá Maṣíìnì gbọ́ “ń le sí i”, ó rántí ìbéèrè tirẹ̀. Ibi tó ti fẹ́ sọ̀rọ̀ ni fóònù dún. Etí bàbá ti wúwo, nítorí náà ó ti ṣí ohùn rẹ̀ síta, gbogbo yàrá ló ń gbọ́.

“Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?”

“Ó san díẹ̀, ọmọ mi.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá: kí ló ń mú kí maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ irin máa ké bí eku lásìkò òjò?”

Ìbéèrè àárọ̀ yẹn ni. Bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni, eku àti òjò, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀.

“Háà, ìyẹn dáa!” Bàbá na ìka sókè. “Gbọ́ dáadáa. Tí òjò bá ti...”

Ìyá Maṣíìnì nawọ́, ó pa fóònù náà. Fún ọdún mẹ́fà tó fi kọ́ṣẹ́, kò fipá gba nǹkan lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ rí.

Bàbá nawọ́ wá fóònù náà. “O gba iṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́?”

Ó kúnlẹ̀. Ó ṣàlàyé gbàgede, ilẹ̀kùn, ìbéèrè, àwọn tó ń polówó ọjà. “Èmi ni mo kọ ìbéèrè yẹn, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ̀ ń dáhùn, àwọn ló ń wọlé.”

Bàbá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà ṣá. “Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó fẹ́ kọ́ṣẹ́?”

“Kò sí, sà.”

“Ìyẹ́ apá òsì ńkọ́?”

“Wọ́n fi ta bẹ́líìtì ikùn ni.”

“Bẹ́líìtì ikùn.” Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un pè, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ ni.

Fóònù tún dún. Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbé e.

“Bàbá, ó já.”

“Kò já. Ọmọ mi, láti òní lọ, gbé maṣíìnì náà wá síbí. Ohun tó kù, ọwọ́ la fi ń kọ́ ọ.”

Lẹ́yìn ọmọbìnrin náà, wọ́n ń gbọ́ ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn bíi ti ọ́fíìsì ńlá, oníkálukú ń bá fóònù tirẹ̀ sọ̀rọ̀: “Ẹ káàsán, Bàbá,” “Ẹ káàsán, Ìyá.” Lẹ́yìn náà ó pa á.

Ọjọ́ Ẹtì pé, ìpolówó kan ṣoṣo kò wọlé. Àlùmọ́gàjí kọ̀wé: “Ìyá, gbàgede wa yè! Ọgbọ́n wo lẹ dá?” Orí àtẹ̀gùn àjà kẹta ni Ìyá Maṣíìnì ti kà á. Kò dá a lóhùn, ó wọlé tọ bàbá lọ.

“Kò pè mọ́,” bàbá ní.

“Kò ní pè mọ́, Bàbá. Ọ̀dàlẹ̀ ni.”

“Mo mọ̀ pé ọ̀dàlẹ̀ ni.” Ó yíjú sápá ibi tí ohùn rẹ̀ ti wá. “Ṣùgbọ́n ó máa ń bèèrè ẹsẹ̀ mi.”